Ibi Tí Mo Fi Sílẹ̀ Lófìfo

Ní ọjọ́ orí mi yìí, kọ̀ǹpútà ló kó ìtìjú bá mi.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn àgbàlagbà wa, láti Mowe títí dé Ifọ̀. Àwọn dókítà ojú ránṣẹ́ sí wa pé àwọn ń bọ̀ wá sí Ibafo lọ́jọ́ Àlàmísì, ọjọ́ kan ṣoṣo. Wọn yóò ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹni tí awọ funfun ti bo ojú rẹ̀, tó sì ti ju ọgọ́ta ọdún lọ. Orúkọ tí a bá fi ránṣẹ́ nìkan ni wọn yóò pè. Ọkàn mi lọ tààrà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ifọ̀, tó jẹ́ pé ògiri ló fi ń tọ́nà dé ilé ìdáná.

Ọmọbìnrin mi ní Arepo ti tẹ ìwé orúkọ wa sínú ohun tí wọ́n ń pè ní dátábéèsì, àpótí orúkọ inú kọ̀ǹpútà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo jókòó tì í. Ó tẹ àmì kan tó dà bí ẹnu ẹyẹ tó là, ó kọ ọgọ́ta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ní àmì "ó jù ú lọ" nìyẹn. Orúkọ ń jáde. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gbọ́n mi kò sí níbẹ̀.

"Irọ́ ni ẹ̀rọ yìí ń pa," ni mo wí. "Ẹni tó pọ̀n mí!"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, bóyá Ìyá Ifọ̀ ti dín ọjọ́ orí wọn kù ni o. Ẹ jẹ́ ká wá wọn láàárín àwọn ọmọge."

Ó yí ìbéèrè náà padà: àwọn wo ni kò ju ọgọ́ta lọ? Àwọn díẹ̀ tó kéré nínú ẹgbẹ́ wa jáde. Ẹ̀gbọ́n mi kò sí níbẹ̀ náà.

Kò sí láàárín àwọn tó jù ú lọ, kò sí láàárín àwọn tí kò jù ú lọ. Ibo wá ni arúgbó náà gbé wà láyé?

Ọmọ mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Bàbá, òfìfo ni ibi ọjọ́ orí wọn. Ẹ bi ẹ̀rọ pé ṣé òfìfo ju ọgọ́ta lọ, yóò ní òun ò mọ̀. Ẹ bi í pé ṣé kò jù ú lọ, òun ò mọ̀ náà ni. Ẹni tí ẹ̀rọ kò bá mọ ọjọ́ orí rẹ̀, kì í mú un jáde."

"Kí ló dé tí kò sọ fún wa?"

"A ò bi í ni."

Ó wá bi í. Ó tẹ IS NULL, ó ní ìyẹn ni "ta ni ibẹ̀ ṣófo fún?" Háà! Orúkọ kún ojú ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá tó ń gbin ìrẹsì ní Ọ̀fàdà, tí kò dá ojú ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́. Àlùfáà àgbà wa. Gbogbo àwọn tó dàgbà jù láàárín wa pátápátá!

"Ta ló kọ ìwé yìí, Bàbá?"

Èmi ni. Nígbà tí mò ń lọ láti ilé dé ilé, mo bi àwọn ẹgbẹ́ mi àti àwọn àbúrò mi ní ọjọ́ orí. Tí mo bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jù mí lọ, mo dọ̀bálẹ̀, mo kọ orúkọ, mo kọ ohun tó ń ṣe ojú wọn, mo sì fo ibi ọjọ́ orí. Ẹnu wo ni ǹ bá fi bi wọ́n pé ọmọ ọdún mélòó ni yín? Ọ̀wọ̀ ni mo pè é.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo dé Ifọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ọmọ ọdún mélòó ni yín?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ìwọ ọmọ yìí! Ohun tó dì ọ́ lẹ́nu láti ọjọ́ yìí nìyẹn? Ọdún mẹ́wàá ni mo fi jù ọ́ lọ. Fi kún tìẹ."

Mo fi mẹ́wàá kún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin tèmi, mo kọ mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún.

"Àwọn yòókù ńkọ́?" ni wọ́n bi mí. "O ti bi wọ́n?"

"Mi ò tíì bi wọ́n."

"Kí lo wá ń dọ̀bálẹ̀ síbí fún? Dìde!"