Orúkọ Tí N Kò Pè Níwájú Ìkòkò Aró

Bí mo bá rántí ọdún yẹn, òórùn aró ni ó kọ́kọ́ máa ń dé sí mi nímú. Lẹ́yìn náà ni n óò rí baba ọkọ mi lórí àga rẹ̀ lójúde, tó gbójú sókè sí oòrùn òwúrọ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan kan tó sọnù. Ilé wa wà ní Òwu. Àpáta yọrí láàárín ilé kan sí èkejì, orí wọn ni mo sì máa ń sá aṣọ àdìrẹ sí. Ìgbà ìjọba àwọn sójà ni. Gbogbo ọ̀sán ìgbà náà dà bí oorun lójú mi báyìí, àfi ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ọdẹ ni Baba. Ìbọn rẹ̀ ti bẹ́ nídìí tipẹ́, láti ìgbà náà kò sì sí ìbọn nílé wa mọ́. Nígbà tí nǹkan funfun bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹyinjú rẹ̀, àbúrò ọkọ mi, àbíkẹ́yìn Baba, ní òun yóò ra ìbọn. Tíṣà ni ní Òṣíẹ̀lẹ̀, ó sì ń dá oko ẹ̀gẹ́ ní Alábàtà, níbi tí òun àti àwọn òyà ti jọ ń kórè. Kò fẹ́ ṣakabùlà tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń rọ. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì ló fẹ́, èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìwé.

Baba kò bi í léèrè nǹkan kan. Ó kàn ní, "Jẹ́ kí n fi ojú mi rí i. Ojú yìí ò ní pẹ́ tilẹ̀kùn."

Ṣọ́ọ̀bù náà wà ní Ìbàdàn, Baba kò sì lè jókòó nínú ọkọ̀ jìnnà mọ́ nítorí ìbàdí tó ń dùn ún. Ọmọ rẹ̀ lọ, ó yan ìbọn, wọ́n so bébà tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì gbé e padà sínú àpótí. Wọ́n ní ó di ìgbà tí ọlọ́pàá bá wádìí irú ẹni tó jẹ́, bóyá oníjà ni, bóyá orí rẹ̀ pé, kí wọ́n tó lè fún un. Ó ní kò ju oṣù kan lọ. Baba rẹ́rìn-ín, ó ní oṣù kan kò jìnnà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti orúkọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni àbúrò ọkọ mi yìí nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé. Ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàwó ló ń nu ikun nímú rẹ̀. Ìyàwó kì í sì í pe ọkọ lórúkọ. Èmi sọ ọ́ ní Agùntáṣọọ́lò nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gùn bíi ti lékeléke. Ohun tí mo ń pè é nìyẹn fún ọdún méjìdínlógún. Orúkọ tí baba rẹ̀ sọ ọ́, mo mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n kò tíì ti ẹnu mi jáde rí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo ti ki ọwọ́ bọ ìkòkò aró dé ìgunpá. Ọkùnrin kan dúró sí ẹ̀yìn mi. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló wọ̀, ó há fáìlì mọ́ abíyá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá," ló wí.

Màmá kọ́, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni. N kò tíì pé ogójì ọdún nígbà náà. Ṣùgbọ́n èyí kọ́ ló mú mi fura. Ọmọ ilé kì í kí aláró ní "ẹ kú iṣẹ́". "Àrẹdú o" ni wọ́n ń kí wa. Mo mọ̀ pé àlejò ni, àlejò tó mú fáìlì lọ́wọ́ kì í sì í wá bùkún ilé. Ó ṣí i, ó ka orúkọ ọkọ mi kékeré jáde pátá, ó fi ti Baba kún un.

"Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Irú èèyàn wo ni?"

Kò sọ ibi tó ti wá, èmi náà kò bi í. Ní oṣù yẹn gan-an, àwọn sójà ti wá mú ọkùnrin kan ní ilé kejì sí tiwa, a kò tíì mọ ibi tí wọ́n gbé e lọ. Mo fún aró kúrò lára aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi, mo ń ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan lára aṣọ náà.

"Mi ò gbọ́ orúkọ yẹn rí," ni mo wí.

Ó wo ilé, ó wo ọwọ́ mi, ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó lọ. Inú mi dùn. Mo rò pé mo ti gba ẹnì kan là. N kò tilẹ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni, torí ọ̀rọ̀ irú èyí, bí a bá sọ ọ́, ó lè padà wá.

Oṣù kan di mẹ́ta. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé ni Agùntáṣọọ́lò ń lọ béèrè lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, wọn a ní fáìlì kò tíì dé. Èmi ń sá aṣọ, Baba sì ń fi wọ́n dán ojú rẹ̀ wò. Ní ìbẹ̀rẹ̀, á ka ẹyẹ tí mo yà sára aṣọ láti orí àga rẹ̀, á ní méjìlá ni, á sì rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń sọ pé ẹyẹ wà lára rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó ń sọ pé aṣọ wà lórí àpáta. Ní ọjọ́ kan, ó bi mí pé, "Ìyàwó, o ò tíì sá aṣọ lónìí?" Aṣọ mẹ́wàá ló wà níwájú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọn.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, akọ̀wé kan ṣàánú Agùntáṣọọ́lò, ó ṣí fáìlì náà, ó kà á sí i létí. Agùntáṣọọ́lò wá sọ ọ́ fún wa nídìí oúnjẹ alẹ́. Wọ́n ti wá wádìí òun láti oṣù àkọ́kọ́. Obìnrin kan tó ń rẹ aṣọ níwájú ilé ní òun kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, wọ́n sì kọ ọ́ pé àdírẹ́sì rẹ̀ kì í ṣe òótọ́.

Gbogbo ilé wo ọwọ́ mi tó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ojú tì mí, mo fi wọ́n pamọ́ sábẹ́ ìró mi.

"Ìyàwó wa," ni Agùntáṣọọ́lò wí jẹ́jẹ́, "ọlọ́pàá tó fẹ́ jẹ́rìí sí mi lẹ lé lọ."

Kò bínú. Ì bá sàn fún mi kó bínú. Baba ń fọ ọwọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ọlọ́pàá kejì tí wọ́n rán jẹ́ àgbàlagbà. "Àrẹdú o," ló kí mi. Ó tún ka orúkọ náà, ó ní kí èmi náà fi ẹnu ara mi pè é kí òun lè kọ ọ́ sílẹ̀. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Baba láti gba àṣẹ. Ó mi orí pé kí n pè é. Mo pe orúkọ ọkọ mi kékeré bí ẹni tó tú sí ìhòòhò ní ọjà, mo sì sọ gbogbo ìwà rere tí mo mọ̀ mọ́ ọn.

Ìwé tún rin ìrìn tirẹ̀. Òjò ti ń rọ̀ dáadáa nígbà tí Agùntáṣọọ́lò gbé ìbọn náà wọlé nínú àpò. Ó gbé e lé itan baba rẹ̀. Baba fi àtàǹpàkò tọ ojú irin rẹ̀, ó gbóòórùn ìdí rẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹnu méjèèjì. Ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ara ògiri ló ń wò.

"Ìyàwó," ló wí, "àwọ̀ wo ni?"

Mo sún mọ́ ọn. Mo wo irin náà dáadáa, nítorí mo mọ̀ pé gbèsè tí mo jẹ ojú rẹ̀ ni. "Baba, ẹ mú aṣọ tí mo ki bọ aró nígbà méje, tí mo wá fi igi lù títí tó fi ń dán. Irin rẹ̀ nìyẹn. Igi ìdí rẹ̀ pọ́n bí obì."

Ó ń fi ọkàn rí i. Agùntáṣọọ́lò jáde sójúde, n kò mọ̀ bóyá ẹkún ló fẹ́ sun.

"Mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ náà," ni Baba wí. "Lọ́jọ́ tí ọkùnrin yẹn wá. Mo gbọ́ nígbà tó ka orúkọ ọmọ mi. Mo lè dìde, kí n ní èmi ni baba rẹ̀. Mi ò dìde."

"Kí ló dé, Baba?"

"Ẹ̀rù bà mí."

Kí n má purọ́, inú bí mi. Oṣù mélòó ni mo fi ń gbé ẹ̀bi yẹn kiri ilé fún àwa méjèèjì. Mo wá wo ojú rẹ̀, ojú ọdẹ tó ti dojú kọ ẹfọ̀n rí, inú tó ń bí mi sì rọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti yọ̀ kúrò lára ìbọn. Mo mú ọwọ́ náà, mo gbé e padà sórí irin náà.