Ọkọ̀ Tí Kì Í Dún

Ní Lafiaji, ẹni tó bá béèrè Bàbá Jíbrílù Awakọ̀ kò ní ṣìnà. Ọdún méjìlélógójì ló fi wakọ̀ fún àwọn ọlọ́lá kó tó fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ kan ló sì fi ń yangàn: "Ọkọ̀ kan ò kú mọ́ mi lọ́wọ́ rí." Gbogbo ẹni tó kọ́ ní ọkọ̀ ló kọ́kọ́ ń ka òfin kan fún: ẹsẹ̀ ló ń ṣáájú ọwọ́. Kó o tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, kí ẹsẹ̀ rẹ ti wà lórí búréèkì. Bó ṣe kọ́ Khairiyyah ọmọ rẹ̀ náà nìyẹn.

Nígbà tí Khairiyyah ń lọ kàwé oṣù mẹ́sàn-án lókè òkun, ó fi ọkọ̀ rẹ̀ sí ìkáwọ́ bàbá rẹ̀. Háíbíríìdì ni, tó ń lo epo, tó tún ń lo bátìrì.

"Bàbá, ẹ máa bá mi wọ́ọ̀mù ẹ̀. Àmọ́ kì í dún o. Ẹ má rò pé kò ṣiṣẹ́."

Ta ni wọ́n ń kọ́ ní wọ́ọ̀mù? Láràárọ̀, bó bá ti kírun àsùbá tán, Bàbá Jíbrílù á wọ ọkọ̀, á bọ́ bàtà, á tẹ bọ́tìnnì. Iná á tàn, á yí rédíò sí ibi tí wọ́n ti ń ka Kùránì, òun náà á máa fa tẹ̀súbáà. Ọkọ̀ á dákẹ́ rọ́rọ́. Ọmọ ṣáà ti wí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan, á pa á, á sì jáde tayọ̀tayọ̀.

Lọ́jọ́ kẹrìnlá, ó tẹ bọ́tìnnì, iná kankan ò tàn. Ó tún un tẹ̀, pàbó ló já sí. Orúkọ tó fi ọdún méjìlélógójì kó jọ, ṣé ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ ni yóò bà á jẹ́? Kí ni yóò wí fún Khairiyyah, tó ń pè é ní gbogbo Jímọ̀?

Ó ránṣẹ́ sí Afusat, rẹ́wáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Afusat ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi wáyà so bátìrì mìíràn mọ́ ọn.

"Bàbá, ẹ wọlé, ẹ ṣe é bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe é."

Ó tẹ bọ́tìnnì. Iná tàn. Afusat bojú wo ìsàlẹ̀.

"Ẹsẹ̀ yín dà, Bàbá? Ẹ ò tẹ búréèkì! Iná lásán lẹ̀ ń tàn, bátìrì kékeré tó ń tan iná yìí lẹ sì ń fà gbẹ. Tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ tẹ búréèkì, 'READY' á hàn níwájú yín, pé ọkọ̀ ti jí. Ìgbà yẹn ni bátìrì ńlá tó wà lẹ́yìn á máa bọ́ kékeré, ẹ́ńjìnnì á sì fúnra ẹ̀ jí tó bá ti ń rẹ ńlá. Wákàtí kan lọ́sẹ̀ ti tó. Kí epo ṣáà wà ní táǹkì."

Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Bàbá Jíbrílù wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ojú tì í gan-an. Lọ́kàn tirẹ̀, ẹni tí kò níbi tó ń lọ, kí ló fẹ́ tẹ búréèkì fún?

"Afusat, jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Mi ò rí nǹkan kan, Bàbá."

Ní Jímọ̀, fóònù dún. "Bàbá, ọkọ̀ mi ńkọ́?"

Irọ́ tó ti tò sílẹ̀ dé ètè rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Ó kú mọ́ mi lọ́wọ́, Khairiyyah. A ti jí i. Mi ò tẹ búréèkì ni."

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá mi, kí lẹ máa ń sọ fún wa?"

Bàbá Jíbrílù tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe.

"Ẹsẹ̀ ló ń ṣáájú ọwọ́," ló wí, bí ọmọ iléèwé.