Ìka Kan Lágbọ̀n Ẹ̀gbọ́n Mi

Nígbà tí ọrùn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ní Odígbó, gbogbo ohun tí mo rí lórí fóònù nípa rẹ̀ ni mo kà. Iṣan kan wà tó ti ẹ̀yìn etí sọ̀ kalẹ̀ wá sí eegun ìsàlẹ̀ ọrùn níwájú. Ti apá ọ̀tún rẹ̀ ló le bí okùn, ìdí nìyẹn tí àgbọ̀n rẹ̀ fi ń fà sí èjìká òsì. Iṣan náà kọ́ ló ṣàìsàn o. Ọpọlọ ló ń rán iṣẹ́ òdì sí i. Mo gbádùn láti máa ṣàlàyé èyí. Òun ni kò gbádùn láti máa gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, wòlíì ìjọ wọn pè é síwájú pẹpẹ lẹ́yìn ìwàásù. Bó ṣe fi ìka kan àgbọ̀n rẹ̀ báyìí, orí yí padà, ó dúró gbọnrangandan. Ìjọ hó yèè. Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún ayọ̀. Èmi nìkan ni mi ò lè pariwo, nítorí mo ti kà á pé bí nǹkan bá rọra kan ojú tàbí àgbọ̀n àwọn tó ní àìsàn yìí, ọrùn wọn máa ń tọ́ fún ìgbà díẹ̀. Wòlíì gbé ọwọ́ kúrò. Díẹ̀díẹ̀, àgbọ̀n padà sí èjìká.

"Màmá, ẹ gbàgbọ́!" obìnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn. "Ẹ má ṣiyèméjì!"

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń gbààwẹ̀, nítorí ó gbà pé àìnígbàgbọ́ òun ló lé ìwòsàn lọ. Sùtánà tó ṣe é rẹ́gí tẹ́lẹ̀ wá ń fẹ̀ jù ú lọ. Mi ò lè máa wò ó bẹ́ẹ̀. Mo lọ bá a lẹ́yìn ilé níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan hàn yín."

Mo fi ìka kan àgbọ̀n rẹ̀. Mi ò tì í rárá. Bí eṣinṣin ṣe ń bà ni mo ṣe fi kàn án. Orí tọ́.

Ó lanu. "Ẹ̀mí ti bà lé ìwọ náà! Ìwọ tó jẹ́ pé orí fóònù lo ń gbé!"

"Rárá o. Ẹ fi ti yín náà kàn án."

Ó fi ìka ara rẹ̀ kàn án. Orí tọ́ bákan náà.

"Kì í ṣe àìnígbàgbọ́ yín," ni mo wí. "Bí àìsàn náà ṣe rí nìyẹn."

"Bí mo bá gbé e kúrò ńkọ́?"

"Á padà."

"Ṣé ó máa lọ pátápátá lọ́jọ́ kan?"

Mo sọ fún un nípa abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sínú iṣan náà láwọn ilé ìwòsàn ńlá, pé ó máa ń tu aláìsàn lára fún oṣù mélòó kan, kí wọ́n tó tún gún òmíràn. Kò sí ní Òrè tó wà nítòsí wa. Mo ti béèrè. "Àmọ́ kó lọ pátápátá, kò wọ́pọ̀."

"Jẹ́ kí n máa bá wòlíì lọ, jàre. Òun ò tíì sọ irú ìyẹn fún mi."

Kò gbé ìka kúrò lágbọ̀n. Ó fẹ́ fi ọwọ́ kan tó kù bó ẹ̀gẹ́, ẹ̀gẹ́ yí bọ́ sílẹ̀. Mo gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.