Yàrá Tí A Kò Wọ̀n

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti kú tipẹ́. Mo bá wọn sunkún níbi ìsìnkú rẹ̀ bó ṣe yẹ kí ọmọ sunkún. Mo se oúnjẹ, mo fọ abọ́, mo kí gbogbo àlejò. Síbẹ̀, títí di òní, mi ò tíì dárí jì í nítorí ilé tí ìyá mi rà ní Mùṣín. Kì í ṣe pé ó jalè. Ìbá jẹ́ pé ó jalè ni, ǹ bá mọ ohun tí mo máa pè é. Ọ̀wọ̀ ló bù fún ènìyàn, ọ̀wọ̀ náà ló sì gba ilé lọ́wọ́ ìyá mi.

Òtò là ń gbé nígbà náà, kí ogun Jámánì kejì tó dé, nínú yàrá kan àti pálọ̀ tí bàbá mi ti háyà láti ìgbà tó ti ń ṣe káfíńtà ní rélùwéè. Nígbà tí bàbá mi kú, inú ilé onílé ló fi ìyá mi sí. Ará Iléṣà ni ìyá mi, aṣọ ló ń tà ní Òyìngbò. Òun àti èmi àkọ́bí rẹ̀ la jọ ń jókòó lọ́jà. Ìyá onílé wa kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń rán ènìyàn létí pé àlejò ni. Tí a bá sá aṣọ, á ní okùn òun kò gbà á. Tí ẹbí bá ti Iléṣà dé, á bèèrè ọjọ́ tí wọ́n máa padà. Ọjọ́ tí wọ́n máa gbé òkú bàbá mi jáde, ó ní kí wọ́n gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, níbi tí a máa ń da omi ìdọ̀tí sí, kí ẹ̀rù má bàa ba àwọn ayálégbé yòókù.

Ẹ̀yìn náà ni wọ́n gbà. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni ìyá mi dá mi lóhùn ohun tí mi ò bi í, níbi tí a ti jọ ń ká aṣọ.

"Mi ò ní kú sílé onílé," ó ní. "Ilé tèmi ni mo fẹ́ kú sí. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ sì ni kí ẹ sin mí sí, kí n máa gbọ́ ohùn àwọn ọmọ yín."

Ohun tó ń wá nìyẹn. Kò wá pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò sì wá ẹni tó máa pe òun ní onílé. Ní Òtò, ìjọba kò gbà kí wọ́n máa sin òkú sílé mọ́, ṣùgbọ́n abúlé ni Mùṣín ṣì jẹ́ lójú wọn, oníkálùkù ń sin òkú rẹ̀ síbi tó wù ú. Ìdí tí ìyá mi fi kọjú sí Mùṣín kò ju ìyẹn lọ. Ó yà mí lẹ́nu títí dòní pé nínú gbogbo wa tí a mọ ìdí yìí, kò sí ẹni tó rò ó dé ibi tó yẹ kó rò ó dé.

Ilé tí a rí, ti bàbá télọ̀ kan ni, mùsùlùmí, ọmọ bíbí ibẹ̀. Ilé amọ̀ ni, ògiri rẹ̀ nípọn, páànù wà lórí rẹ̀, igi ọsàn kan sì wà lẹ́yìnkùlé. Bàbá télọ̀ fẹ́ tà á kó lè parí òmíràn tó ń kọ́ sétí títì, nítorí iṣẹ́ télọ̀ fẹ́ ojú ọ̀nà. Ìyá rẹ̀, arúgbó, ló ń gbé yàrá inú lọ́hùn-ún. Orí ẹní la máa ń bá a, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í dìde fún ẹnikẹ́ni. Òun àti ìyá mi mọwọ́ ara wọn lójú ẹsẹ̀. Ìyá mi á jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ orúnkún tó ń dunni, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Kò wọlé kọjá ẹnu ọ̀nà rí.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá di rírà, irú àyẹ̀wò tí a máa ṣe di ìjà nílé wa. Bíríkìlà kan wà nínú ìjọ wa, Ìjẹ̀bú ni. Ó ní òun á wọ yàrá kọ̀ọ̀kan, òun á kan ògiri, òun á gun àjà, òun á ká ẹní kúrò nílẹ̀ kí òun wo bí ilẹ̀ ṣe rí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, akọ̀wé ní Ìjọra, ní sọ́fíyọ̀ lòun fẹ́, ẹni tó máa fi ṣéènì wọn ilẹ̀, tó máa ri òkúta ààlà mọ́lẹ̀, tó máa ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé. Èmi ní ká ṣe méjèèjì. Owó bíríkìlà kò tó nǹkan, ọ̀rọ̀ owó kọ́ ni.

"Méjèèjì bí i ti báwo?" ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbaná jẹ. "Kí bàbá yẹn lè sọ pé a pe òun lólè? Ẹni tó gbé ilé tí wọ́n bí i sí lé yín lọ́wọ́, kí bíríkìlà wá máa kan ògiri rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra àgbọn? Ìyá arúgbó ńkọ́? Ta ló máa ní kí ìyá yẹn dìde lórí ẹní rẹ̀, pé a fẹ́ wo abẹ́ rẹ̀? Ṣé ìwọ ni?"

"Bàbá, ẹ má bínú," mo ní, "inú ilé la máa gbé. Sọ́fíyọ̀ ò ní wo inú ilé."

"Ẹnu ẹ ti pọ̀ jù, ọmọ yìí. Ìwé ni kóòtù ń bèèrè. Tí ìwé bá ti pé, ọ̀rọ̀ ti parí."

Mo wo ojú ìyá mi. Opó ni. Kò sí ọkùnrin mìíràn tó máa bá a dúró níbi tí wọ́n ti ń ra ilé, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ohun tí ẹ bá wí náà ni, Bàbá wa." Bí wọ́n ṣe ní kí bíríkìlà jókòó sílé rẹ̀ nìyẹn; ẹ̀gbọ́n bàbá mi fúnra rẹ̀ ló lọ sọ ọ́ fún bàbá télọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo tún bi ìyá mi bóyá ẹnikẹ́ni tiẹ̀ ti bèèrè pé wọ́n sin òkú sílé náà tàbí wọn ò sin ín. Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u.

"Ọkùnrin tí ìyá rẹ̀ ń bẹ láàyè, tó jókòó síbẹ̀ tó ń gbọ́ wa, kí n wá máa bi í léèrè sàárè? Á ní mo ń retí ikú ìyá òun. Àwọn mùsùlùmí ní itẹ́ òkú tiwọn, jàre."

Sọ́fíyọ̀ dé tòun ti sọ́kìsì tó dé orúnkún, akẹtẹ̀ funfun lórí, àwọn tó ń fa ṣéènì lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tẹ̀ lé e kiri bí ẹni pé òun ló kọ́ ọ níṣẹ́. Wọ́n wọ̀n láti igun dé igun, wọ́n wọ̀n dé ìdí ọsàn, wọ́n ri òkúta mọ́lẹ̀. Mo bi í pé, "Ọ̀gá, ẹ ò ní wo inú ilé ni?" Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ilẹ̀ ni iṣẹ́ tèmi. Inú ilé, ẹni tó ń gbé e ló ni ín." Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó mọṣẹ́ rẹ̀. Kò sí aládùúgbò kan tó sún òkúta ààlà wa rí, àwòrán rẹ̀ kò sì ṣìnà níbì kankan. Ṣùgbọ́n kò gbẹ́sẹ̀ kọjá ilẹ̀kùn àbáwọlé, nítorí kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ìyẹn.

A rà á. Àwọn bàbá télọ̀ kó jáde lọ sí ilé wọn tuntun, àwa náà kó wọlé. Yàrá inú lọ́hùn-ún ni ìyá mi mú, torí pé ibẹ̀ ló tutù jù. Ó ní kí wọ́n da sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ rẹ̀, ilẹ̀ náà sì jìn díẹ̀ ní apá ibi tí ẹní ìyá arúgbó máa ń wà. Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó ní ìdí ìyá arúgbó ló tẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ gan-an ló gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí. Mi ò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Ó máa ń jí ní kùtùkùtù gbá ìdí ọsàn, tó bá gbá a tán á dúró síbẹ̀, á máa wò ó.

Nígbà tí Iléyá dé, bàbá télọ̀ gbé ẹran wá fún wa, òun àtàwọn ọmọ rẹ̀. Inú wa dùn. Ó bọ́ bàtà, ó gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá láì kan ilẹ̀kùn, ó wọ yàrá ìyá mi lọ, ó sì kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń ṣe àdúà.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀?" ìyá mi bi í.

"Bàbá mi ni mo wá kí."

"Níbo?"

"Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín, Ìyá."

A ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ó dé pẹ̀lú ariwo, ó ní kí ló dé tí bàbá télọ̀ kò sọ fún wa. Bàbá télọ̀ kò bínú. Ó yà á lẹ́nu ni, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé kò díbọ́n.

"Ṣé ẹ bi mí ni?" ó ní. "Mo rò pé ẹ mọ̀. Ta ni ò mọ̀ ládùúgbò yìí? Nígbà tí ẹ ní kí bíríkìlà má wọ yàrá yẹn, mo sọ fún ìyá mi pé ọmọlúwàbí lèyí, wọ́n ti bọ̀wọ̀ fún bàbá wa kí wọ́n tó sanwó. Torí ìyẹn ni mo ṣe tà á fún yín, tí mi ò tà á fún ẹlòmíràn."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi jókòó. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́. Ó ní ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ó jẹ nínú ẹran náà.

Ìyá mi gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sún mọ́ ògiri kejì. Ó ní òkú kan ṣoṣo ni, òkú kì í jẹun. Lóòótọ́, òkú kan ṣoṣo ni títí di ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ìyá arúgbó kú. Ọ̀sán ni. A rí wọn bí wọ́n ṣe ń bọ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n gbé e lé èjìká, aṣọ bò ó, àwọn àáfà wà níwájú. Ìyá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá télọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ ni ìyá òun ní kí wọ́n tẹ́ òun sí, ó sì ti sọ ọ́ tipẹ́. Gbogbo àdúgbò dúró, wọ́n ń wo ẹnu ìyá mi. Kí ló fẹ́ wí? Ṣé kó ní kí wọ́n sọ òkú sílẹ̀ nínú oòrùn? Òun fúnra rẹ̀ ló di orí bẹ́ẹ̀dì mú, tí èmi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, a sì gbé e bọ́ sí pálọ̀. Wọ́n fọ́ sìmẹ́ǹtì rẹ̀. Ó jókòó, ó ń gbọ́ ìró ọkọ́, ó sì ń sunkún ìyá arúgbó náà, torí pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Èmi jáde lọ dúró sídìí ọsàn.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wọlé bó ṣe wù wọ́n. Wọ́n á ní ilẹ̀ yàrá kò mọ́. Wọ́n á ní kí a má gbé ìkòkò síbẹ̀. Wọn kì í pariwo, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni, bí ìyá onílé Òtò gẹ́lẹ́. Ìyá mi kò tún sùn nínú yàrá yẹn mọ́ títí tó fi kú.

Ikọ́ ló ṣe é. Ìdí ọsàn ló ń tọ́ka sí pé ibẹ̀ ni kí a sin òun sí, kódà nígbà tí ohùn rẹ̀ kò jáde mọ́. Nígbà tó kú, kí a tó rán ẹnikẹ́ni pé kó wá gbẹ́ ilẹ̀, bàbá télọ̀ àtàwọn àgbà ilé wọn ti dé. Wọ́n tẹ́ ẹní síwájú ilé, wọ́n jókòó, wọ́n ní ẹ kú ọ̀rọ̀ ènìyàn.

"Ìyá yín ṣe dáadáa sí wa," bàbá télọ̀ ní. "Ọlọ́run mọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá àti ìyá wa ló wà nílé yìí. A ò lè sin àlejò tì wọ́n. Ilé lẹ rà lọ́wọ́ wa, ẹ ò ra àwọn òbí wa."

Mo sáré wọlé, mo mú ìwé sọ́fíyọ̀ jáde, mo fi igi ọsàn hàn wọ́n lórí rẹ̀, nínú ààlà wa, níbi tó wà gan-an. Bàbá télọ̀ gbà á, ó fara balẹ̀ wò ó, ó ní ìwé náà dára, ọsàn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó ká a, ó dá a padà fún mi tọwọ́tọwọ́.

Mo kọjú sí ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ sọ̀rọ̀." Ó ní ìyá mi kò fẹ́ràn ìjà, ká má fi òkú rẹ̀ dá ìjà sílẹ̀. Bó ṣe di itẹ́ òkú ìjọba nìyẹn, láàárín àwọn tí kò mọ̀ rí.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé pósí jáde, àwọn àgbà yẹn ṣì jókòó sórí ẹní wọn níwájú ilé, wọ́n dí ẹnu ọ̀nà. Mo ní kí a bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dìde. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dì mí lọ́wọ́ mú.

"Ta ló máa ní kí àgbà dìde lórí ẹní?" ó ní. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀yìn."

Wọ́n gba ẹ̀yìn. Wọ́n gbé e kọjá lábẹ́ igi ọsàn, wọn ò dúró. Bí wọ́n ṣe gbé bàbá mi jáde kúrò nílé onílé ní Òtò, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n gbé ìyá mi jáde kúrò nínú ilé tó rà.