Orúkọ Ìyá Tí Mo Yọ Kúrò

Ìmọ̀wé ń pa mí bí ọtí nígbà náà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, Agbowó ni mò ń gbé, mo sì ń kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe máa mọ ẹni gan-an tí orúkọ inú ìwé ìròyìn ń tọ́ka sí. Ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kékeré kan ní Òkè-Àdó gbà kí n fi àwọn ìròyìn àtijọ́ wọn dán an wò.

Màmá àgbà kan ló ń gé àwọn ìròyìn náà sínú fáìlì, fáìlì kan fún ẹnì kan. Bí orúkọ bá dé iwájú wọn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ń bi: "Ìyá wo ló bí i?" Nínú agboolé Ìbàdàn, orúkọ agboolé ni gbogbo wọn ń jẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò sì lè jẹ́ orúkọ mùsùlùmí kan náà. Ìyá ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ fi sílẹ̀, mà, kọ̀ǹpútà á kọ́ ọ fúnra ẹ̀."

Màmá ní, "Ọmọdé lè láṣọ bí àgbà o." Wọn ò parí ẹ̀.

Bí mo ṣe kọ́ kọ̀ǹpútà náà nìyí: mo máa ń fi ìròyìn méjì hàn án, màá sọ bóyá ẹnì kan náà ni tàbí ẹni ọ̀tọ̀, òun á sì wo àwọn ọ̀rọ̀ tó yí orúkọ ká, kó lè mọ èyí tó yẹ kó gbára lé. Orúkọ ìyá kì í sábà wà nínú ìròyìn, ni mo bá yọ ìwọ̀nba tó wà kúrò. Ibi tí kò bá dá mi lójú, n ò bi Màmá. Bí orúkọ àti agboolé bá ti dọ́gba, mo ń kọ ọ́ pé ẹnì kan náà ni. Nígbà tí mo dán an wò, gbogbo rẹ̀ ló gbà. Kí ni kò ní gbà? Èmi náà ni mo ṣèdánwò, èmi náà ni mo máàkì.

Lọ́jọ́ kan, oníṣòwò aṣọ kan ní Dùgbẹ̀ kú. Olóòtú ní kí n fi kọ̀ǹpútà kó ìtàn ayé wọn jọ, kí n tẹ̀ ẹ́ jáde kíá. Màmá ní kí n jẹ́ kí àwọn wò ó, mo ní kò pọn dandan. Nígbà tó máa di ọjọ́ kejì, gbogbo ìlú ti kà á pé olóògbé ṣẹ̀wọ̀n rí nítorí ẹrù olè. Ọmọ àbúrò bàbá wọn, tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà, ló ṣẹ̀wọ̀n.

Àkọ́bí olóògbé wọlé wá, obìnrin, tòun ti ìwé ìròyìn lọ́wọ́. Kò pariwo.

"Bàbá mi ò jí abẹ́rẹ́ rí. Ìyá mi wà nínú opó, àwọn tó ń bọ̀ wá kí wọn ti ń yà padà. Ẹ ò béèrè ìyá tó bí wọn ni?"

Màmá, tó tó bí i lọ́mọ, kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. "Ẹ dákun, ọmọ mi, ẹ bá wa bẹ Ìyá."

"Ta ló kọ ọ́?"

"Àwa ni."

Ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ni mo wà, mò ń tẹ nǹkan tí kò sí. Ojú ń tì mí bí ẹni tó wà níhòòhò, síbẹ̀ n ò dìde.

Nígbà tí mo kọ ìwé àṣekágbá mi, mo tò ó sínú tábìlì: àṣìṣe, ẹyọ kan. Wọ́n yìn mí. N ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé Màmá kúnlẹ̀.