Wọ́n Ní Mo Jókòó Bí Opó

Ẹ̀rù ló gbé mi dé ibẹ̀, ẹ̀rù náà ló sì tún fẹ́ lé mi jáde. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ ọmọ mi.

Bàbá rẹ àgbà wà lójú ogun nígbà náà. Àwọn Faransé ti kó o sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ní Ẹńdoṣíìnì ló ń lọ, ilẹ̀ òkèèrè níhà ìlà oòrùn tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ ọ̀nà rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti rí gáàdì ìjọba tó wọ kákí ní Adawlato, àdúgbò ọjà tí à ń gbé, àyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí lù kì-kì-kì. Torí àwọn gáàdì ló ń wá sọ fún ìyàwó sójà pé ọkọ rẹ̀ ti kú.

Ìyá ọkọ mi, tí a jọ ń gbé, ló ní kí n máa lọ sí sáńtírì, ilé tí wọ́n kọ́ fáwọn obìnrin àdúgbò láti máa kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán. Obìnrin tó ń kọ́ wa, ará Ẹńdoṣíìnì gan-an ni. Sójà kan láti ìlú wa níbí ló fẹ́ ẹ wálé. Màdáàmù la ń pè é. Èdè Mina tó kọ́ lọ́jà ló fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Ó rí i pé abẹ́rẹ́ ń gún mi níka ṣáá.

"Ọkàn rẹ ò sí lára aṣọ," ó wí. "Bí a bá ránṣọ tán, má lọ."

Ẹ̀sìn Búdà ni wọ́n ń ṣe nílé wọn. Kò ní ká bọ nǹkan kan. Ó kàn ní ká jókòó sórí ẹní, ká ká ẹsẹ̀ kò, ká kọjú sógiri, ká pa ẹnu dé, ká máa ṣọ́ èémí bó ṣe ń wọlé tó ń jáde. Bí ọkàn bá sá lọ, ká rọra fà á padà. Èmi àti obìnrin mélòó kan la dúró. Ọ̀rẹ́ mi kan, tí ọkọ tirẹ̀ náà wà lógun, kọ̀ jálẹ̀. Kò kúrò nídìí maṣíìnì.

"Ṣé èmi ni n ó kọjú sógiri bí opó? Ọkọ mi ò kú o!"

Yéè! Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Bí opó ṣe ń jókòó nílé wa ní Sákétẹ́ náà nìyẹn: orí ẹní, ojú sógiri, ẹnu pípadé. Síbẹ̀, bí mo bá ń ṣọ́ èémí, àyà mi ń rọlẹ̀. Bó bá sì ti rọlẹ̀ ni ẹ̀rù mìíràn á dé, pé bóyá ẹ̀mí ọkọ mi ni mo fi ń ra ìrọ̀rùn yìí.

Ọ̀rọ̀ dé etí ìyá ọkọ mi. Ó wá bá mi lórí ẹní.

"Ìyàwó! Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Ìyá."

"Ọ̀fọ̀ ta wá lò ń ṣe? Èmi bímọ, ìwọ ń sin ín láàyè!"

Àwọn tó wà nídìí maṣíìnì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wo opó tọ́kọ rẹ̀ ṣì ń jẹun o!"

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Màdáàmù ò gbọ́ èdè ilé tí a fi ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó fa ẹní mi yí, ó kọ ojú mi sí ẹnu ọ̀nà. Ìyá ọkọ mi rò ó títí. Ó ní opó kì í kọjú síta lóòótọ́, àmọ́ òun á máa jókòó tì mí, kí n má baà tún kọjú sógiri. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ti orí àga ṣọ́ mi, bí ẹni ń ṣọ́ ewúrẹ́ tó ń jẹ àgbàdo.

Kíkọjú síta yẹn ló wá burú jù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí gáàdì tó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ògiri, ó ń bọ̀ tààrà. Èémí tí mò ń ṣọ́ dúró. Ìyá ọkọ mi di èjìká mi mú, èékánná rẹ̀ wọnú ẹran ara mi. Gáàdì ṣí fìlà. Ó kọjá lára wa. Ìdí maṣíìnì ló lọ, orúkọ ọ̀rẹ́ mi ló pè.

Ọ̀rẹ́ mi ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kúrò lórí maṣíìnì, maṣíìnì náà ṣì ń yí.

Ọ̀rẹ́ mi kò jókòó sórí ẹní yẹn rí. Kò kọjú sógiri rí.

Lọ́jọ́ kejì ní sáńtírì, ìyá ọkọ mi bọ́ bàtà, ó ní kí n sún, ó sọ̀kalẹ̀ sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Orúnkún rẹ̀ kọ̀, kò ká.

"Ìyá, ibo la ó kọjú sí?"

"Ibi tó bá wù ọ́. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Àyà mi ń já."

Ìwọ mọ̀ pé bàbá rẹ àgbà padà dé. Àwa ò mọ̀ nígbà náà. A kọjú sógiri, a ń mí.