Ẹkún Tí Ìyàwó Àbúrò Ìyá Mi Kò Sun

Lẹ́yìn gbogbo ìwé tí mo kà ní yunifásítì, iṣẹ́ tí mo rí ṣe lọ́dún yẹn ni pé kí n máa kọ́ àwọn òṣèré láti Èkó bí wọ́n ṣe ń sọ pé "Mo ń rì" lédè Yorùbá. Oyè tí wọ́n kọ síwájú orúkọ mi nínú ìwé àdéhùn ni Olùdámọ̀ràn Èdè àti Àṣà. Èmi á gba ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, n ó sọ ọ́ di Yorùbá, òṣèré á sì tún un pè lójú kámẹ́rà títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ padà di Gẹ̀ẹ́sì. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, àárẹ̀ á mú gbogbo wa, a ó sì yin ara wa.

Kì í ṣe nítorí ìwé tí mo kà ni wọ́n ṣe pè mí. Àbúrò ìyá mi ni fíìmù náà dá lé lórí.

Àbúrò ìyá mi kì í ṣe apẹja. Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tà ní ọjà Àgbálátà. Ó ta ọ̀kan fún àwọn apẹja kan, wọ́n ní ó ń wúkọ́, ó ní kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo etí òkun yìí, ó sì bá wọn wọkọ̀ láti fi hàn wọ́n. Ẹ́ńjìnì náà kú nígbà tí wọn kò rí ilẹ̀ mọ́. Omi ń gbé wọn kiri fún ọjọ́ mélòó kan, títí àwọn apẹja láti ìhà Kútọnù fi rí wọn, tí wọ́n so ọkọ̀ wọn mọ́ tiwọn, tí wọ́n sì wọ́ wọn dé èbúté bí ẹni ń wọ́ ewúrẹ́ alágídí. Gbogbo ìtàn náà nìyẹn.

Nínú fíìmù, ìjì jà, ẹja ńlá kan la ẹnu, hẹlikọ́pítà sì sọ̀ kalẹ̀ láti ojú ọ̀run. Wọ́n yọ àwọn ará Kútọnù kúrò, wọ́n ní Faransé wọn yóò da àwọn òǹwòran lọ́kàn rú. Òṣèré tó ń ṣe àbúrò ìyá mi ní àyà tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí. Àbúrò ìyá mi fúnra rẹ̀, ikùn ló ní. Síbẹ̀ wọ́n fẹ́ kọ ọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù gàdàgbà pé ìtàn tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni. Mo bi olùdarí fíìmù léèrè pé èwo ló ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ronú díẹ̀.

Ó ní, "Òkun."

Ǹ bá ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ìyàwó àbúrò ìyá mi ni kò jẹ́. Àǹtí ni mo ń pè é, Ìyá Ìbejì ni ọkọ rẹ̀ ń pè é. Ègùn ni, ọmọ apẹja, ilé wọn sì wà lórí ilẹ̀ yanrìn tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti máa ń wọkọ̀ lọ sọ́jà láràárọ̀. Nígbà tí ọkọ náà sọnù sójú òkun, ẹbí wa rọ́ dé ilé rẹ̀ láti ìgboro Àgbádárìgì, ìyá mi ló síwájú. Ìyá mi ni àkọ́bí wọn. Àlájà ni gbogbo ọjà ń pè é, tó bá sì ń sunkún, àwọn tó wà ní ìsọ̀ kejì á ti bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ọjà mọ́. Wọ́n sunkún. Ìyàwó kò sun. Ó ń yan ẹja, ó ń gbálẹ̀, ó ń jẹun.

Lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn tirẹ̀, wọn kì í sunkún ẹni tó wà lójú òkun bí wọn kò bá tíì rí òkú rẹ̀. Ẹni tó bá sun ún ti fi í lé omi lọ́wọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyàwó tí ojú rẹ̀ bá gbẹ mọ nǹkan kan nípa ikú ọkọ rẹ̀. Ẹnì kankan kò ṣàlàyé fún ẹnì kejì. Ẹbí wa kì í béèrè nǹkan. A máa ń mọ̀ ọ́n ṣáájú ni.

Nígbà tí àbúrò ìyá mi dé, kò tíì mu omi gbígbóná tán tí ìyá mi fi sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ kò sun ún. Kò bi ìyàwó náà léèrè. Ó kàn dákẹ́ sí i ni. Ó sọ ìtàn òkun fún àwọn oníbàárà, ó sọ ọ́ fún àwọn ará mọ́ṣáláṣí, ó sọ ọ́ fún olùdarí fíìmù, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ rí. Tó bá jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán, á ní "Ó ṣeun", bí ẹni tó jẹun ní búkà. Ọdún ń gorí ọdún, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé.

Nítorí náà, ohun tí Àǹtí fẹ́ lọ́dọ̀ mi kò pọ̀.

"Ìwọ lò ń kọ ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu," ó wí. "Jẹ́ kí obìnrin tó máa ṣe èmi má sunkún, kó sì sọ ìdí ẹ̀. Tí èmi bá sọ ọ́, wọ́n á ní mò ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Fíìmù ni wọ́n máa gbà gbọ́."

Olùdarí náà jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń wọ bàtà tí wọ́n fi ń gun òkè ńlá lórí yanrìn wa tí kò ní òkè kankan. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún un, ó di ojú bí ẹni ń gbàdúrà. Ó ní bí ìyàwó kò bá sunkún, báwo làwọn ènìyàn ṣe máa mọ̀ pé ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀? Mo ní ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Ó ní a ó jọ ronú sí i. Ẹni tó bá ti bá àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe ìpàdé rí mọ̀ pé "a ó jọ ronú sí i" ni sàréè tí wọ́n máa ń sin ọ̀rọ̀ sí. Mo tún padà lọ bá a, ó tún di ojú. Ẹkún kò kúrò nínú ìwé eré: ìyàwó yóò yí nínú yanrìn, àwọn obìnrin àdúgbò yóò sì yí i ká, wọn á máa ké.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ya ẹkún náà, Àǹtí kò wá. Àwọn obìnrin àdúgbò wá, wọ́n sì fara mọ́ iṣẹ́ náà. Ẹni tí wọ́n máa sun ni wọn kò fara mọ́. Àbúrò ìyá mi ti gbé àga sábẹ́ igi àgbọn, ó ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí bí wọ́n ṣe máa ṣọ̀fọ̀ òun. Ìyá àgbà kan nínú àwọn obìnrin náà wo ọ̀kánkán ibẹ̀.

"Ṣé ẹni tó jókòó tó ń họ ikùn yẹn lẹ ní ká sun?"

Wọ́n gbìmọ̀ láàárín ara wọn lédè Ègùn, wọ́n sì mú àdéhùn wá. Kí ọkùnrin náà kúrò nítòsí. Àti pé àwọn kò ní sun ún rárá. Kálukú yóò sun òkú tirẹ̀, èyí tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ sin. Inú olùdarí dùn, ó ní ọgbọ́n ìṣeré tí wọ́n ń kọ́ lókè òkun gan-an nìyẹn. Wọ́n fi àbúrò ìyá mi sínú ọkọ̀ pé kó lọ sí Ìwòrò lọ rí oníbàárà rẹ̀ kan títí wọ́n á fi sunkún tán. Wọ́n gba fóònù gbogbo wa sínú apẹ̀rẹ̀ kí ó má baà dún.

Mo ti gbọ́ ẹkún òṣèré rí. Èyí kì í ṣe irú ẹ̀. Òkú àwọn obìnrin yẹn pọ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ẹni tó gbé kámẹ́rà gan-an ń nu imú. Ohùn wọn la ọ̀sà kọjá, ọkọ̀ èrò kan tó ń kọjá lọ sí ìgboro sì dẹwọ́ eré. Oníṣòwò Àgbálátà kan nínú ọkọ̀ náà kígbe béèrè pé ta ló kú. Obìnrin tó sún mọ́ omi jù dárúkọ àbúrò ìyá mi fún un, nítorí orúkọ tí a kọ́ ọ pé kó máa dá nìyẹn. Igi àgbọn bo kámẹ́rà mọ́ àwọn ará inú ọkọ̀ lójú. Kí ọkọ̀ náà tó dé èbúté, ìyá mi ti gbọ́.

Kò gbà á gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó pe Àǹtí lórí fóònù, ó bi í pé ọkọ rẹ̀ ńkọ́. Àǹtí dá a lóhùn bó ṣe rí: ó lọ sí Ìwòrò, ó máa dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹnì kankan kì í túfọ̀ lórí fóònù. A máa ń ní ara rẹ̀ kò yá díẹ̀ ni. A máa ń ní ó rin ìrìn àjò, ó máa dé. Bí Àǹtí bá ti ní ó ń sùn, bóyá ìyá mi ì bá tilẹ̀ ní ìrètí. Ṣùgbọ́n Ìwòrò, kó sì máa dé kí ilẹ̀ tó ṣú! Bí a sì ṣe jẹ́ mùsùlùmí, òkú kì í pẹ́ nílẹ̀. Ìyá mi wá áàfáà kan, ó ra aṣọ funfun, ó kó àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin, wọ́n wọkọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń sunkún náà ló wá sọ fún mi pé òun rí ìyá mi tó kọjá pẹ̀lú áàfáà. Mo fi ẹkún àwọn yẹn sílẹ̀, mo sáré lọ bá tìyá mi.

Nígbà tí mo débẹ̀, ìyá mi wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ilé. Àǹtí wà nídìí ààrò, ó ń yí ẹja.

"Àlájà, mo ní ó lọ sí Ìwòrò."

"Ìjọ́sí náà, o ní ó lọ sójú òkun, ó máa dé," ìyá mi wí. "Ẹja lò ń yí nígbà yẹn, ẹja náà lo tún ń yí yìí. Ojú ẹ gbẹ bí ọyẹ́. O jẹun, ìyàwó! Ọmọ ìyá mi wà nínú omi, o jẹ ẹ̀bà, o tún fọwọ́ nu abọ́. Mo rí ọ."

Ó dé nígbà yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rántí ìyẹn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, fíìmù ni." Ìyá mi ní kí n panu mọ́, pé ìwé ti sọ mí di ẹni tí kò mọ òkú yàtọ̀ sí alààyè.

Ìgbà náà ni mo rí àbúrò ìyá mi. Ó ti dúró lẹ́yìn ọgbà imọ̀ àgbọn, àpò gààrí Ìwòrò wà léjìká rẹ̀, n kò sì mọ ìgbà tó ti ń gbọ́ wọn. Mo la ẹnu. Ó nawọ́ sí mi pé kí n dákẹ́.

Àǹtí fi etí ìró nu ọwọ́. Bí inú bá ń bí i, ohùn Ègùn máa ń wọnú Yorùbá rẹ̀.

"Mo jẹun, Àlájà. Mo jẹun kí n lè lágbára láti máa lọ dúró létí òkun. Gbogbo yín sunkún, ẹ dágbére fún un. Ta ló wá kù tó ń retí ẹ̀? Ó yẹ kí ẹnì kan má dágbére."

Àbúrò ìyá mi sọ àpò gààrí kalẹ̀. Áàfáà ló kọ́kọ́ rí i, ó dárúkọ Ọlọ́run, ó sì fẹ̀yìn rìn wọnú apẹ̀rẹ̀ ẹja. Àwọn àbúrò ìyá mi obìnrin sá. Ìyá mi nìkan ni kò sá. Ó wo àbúrò rẹ̀ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó dìde, ó gbọn yanrìn nù, inú sì bí i.

"Kí ló gbé ọ lọ sí Ìwòrò?"

Wọ́n padà sígboro pẹ̀lú aṣọ funfun wọn kí oòrùn tó wọ̀. Mo dúró, nítorí pé ẹsẹ̀ mi kò fẹ́ gbé mi padà sọ́dọ̀ olùdarí. Àbúrò ìyá mi fa àpótí sún mọ́ ààrò, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn òkun pẹ̀lú ohùn tó fi ń tajà. Àǹtí ní òun kò fẹ́ ti oníbàárà. Ọkọ rẹ̀ fi ohùn náà sílẹ̀. Ó rọra sọ ọ́.

"Èmi ni mo sunkún. Àwọn tó kù ń gbọ́n omi, èmi ń sunkún, títí wọ́n fi ní kí n dákẹ́. Mo dágbére fún gbogbo yín, Ìyá Ìbejì. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ dágbére fún."

Àǹtí yí ẹja tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún yí èyí tó tẹ̀ lé e.

"Mi ò gbọ́ ọ," ó wí.

Ní ọjọ́ kejì, àbúrò ìyá mi fúnra rẹ̀ lọ bá olùdarí pé kó jẹ́ kí ọkùnrin inú ọkọ̀ sunkún, kí obìnrin etí òkun má sun. Olùdarí di ojú. Ó ní akọni kì í sunkún, ṣùgbọ́n àwọn ó jọ ronú sí i.

Fíìmù náà ti jáde. Ìyàwó yí nínú yanrìn, akọni fi ọwọ́ lásán tu ọkọ̀, orúkọ mi sì kọjá lójú ògiri sinimá kí ẹnikẹ́ni tó lè kà á. Àbúrò ìyá mi àti ìyàwó rẹ̀ kò lọ wò ó. Wọ́n ní àwọn ní iṣẹ́. Ìyá mi lọ. Nígbà tí a jáde, mo bi í pé báwo ló ṣe rí i. Ó ní obìnrin yẹn mọ ẹkún sun, bó ṣe yẹ kí ìyàwó sunkún nìyẹn. A rìn díẹ̀. Ó tún ìborùn rẹ̀ fi borí, ó ní ṣùgbọ́n kò jọ ìyàwó wa rárá.